Ẹ Rán Àwọn Ọmọ Wa Lọ Kọ́ Èdè, Ẹ Má Rán Wọn Lọ Pín Aṣọ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ọ̀dọ́ Ìjọ Wa ní Houston

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́, ẹ̀yin dádì àti mọ́mì wa nínú Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, ẹ sì kú àníyàn lórí àwọn ọmọ wa. Mo wà níjokòó lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá nígbà tẹ́ ẹ kéde pé ogún ọ̀dọ́ yóò lọ sí Guatemala fún ọjọ́ mẹ́wàá nígbà họlidé gígùn. Ẹ ní wọ́n á máa kọ́ èdè Sípáníìsì láàárọ̀, wọ́n á máa pín aṣọ àti bàtà lọ́sàn-án, wọ́n á sì máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Antigua níbẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo ya á. Mo wá pinnu láti kọ ọ́ ní gbangba, torí mo mọ̀ pé ìjọ tiwa nìkan kọ́ ló ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí láàrin àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà lọ bí ẹni tó lọ kọ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kí wọ́n gbé inú ilé àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn, kí wọ́n gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu wọn, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Aṣọ àti bàtà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé obìnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé Sípáníìsì ni èdè rẹ̀. Mo ti fi ọdún kan kọ́ Sípáníìsì lórí fóònù nígbà yẹn, ara mi sì ti wà lọ́nà láti lò ó. Mo ṣàlàyé oògùn fún un, mo ṣàlàyé bó ṣe máa tọ́jú ojú abẹ. Ó ń mi orí, ó ń ní "sí, sí". Ògbufọ̀ tí a pè lórí fóònù sọ tirẹ̀, ó tún ní "sí". A ní kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n gbé e padà wá, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ojú abẹ náà ti ń ṣe ọyún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀lé e ló là wá lójú: Sípáníìsì kọ́ ni èdè obìnrin yìí. K'iche' ni. Èdè àwọn Maya ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Guatemala kí òyìnbó tó dé. San Cristóbal Totonicapán níbẹ̀ ló ti wá, Sípáníìsì tó sì gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà lọ. "Sí" tó ń wí fún wa, ọ̀wọ̀ ló fi ń bù fún wa, bí ìyá àgbà tiwa ṣe máa ń ní "yẹ́ẹ̀sì" fún dókítà òyìnbó tí kò gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀.

Ara rẹ̀ padà yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń ronú sí i pé èmi gan-an ni mo dúró síwájú rẹ̀ tí mo gba "sí" yẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Totonicapán ti ń wá sí Houston níbí. Wọ́n ń tún ilé ìtajà ṣe lóru, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń kọ́ ilé. A jọ ń tò sórí ìlà kan náà nínú ilé ìtajà. Òfin Amẹ́ríkà láti 1964 kò gbà kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi èdè dù ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú, ó sì yẹ kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá mọ̀ pé èdè míì wà lẹ́yìn Sípáníìsì, èdè wo ló fẹ́ pe ògbufọ̀ rẹ̀?

Ìyẹn ló gbé mi lọ sí Xela fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Xela ni wọ́n ń pe Quetzaltenango, ìlú kejì tó tóbi jù ní Guatemala. Xelajuj No'j ni orúkọ tí àwọn K'iche' ń pè é, òun ni wọ́n gé kúrú. Orí òkè ló wà, ó ga ju mítà 2,300 lọ. Òtútù ibẹ̀ lóru kì í ṣe ti ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ èdè pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì ti wà látìgbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà. Proyecto Lingüístico Quetzalteco bẹ̀rẹ̀ ní 1988, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ní gbangba lè jáde nílé kó má padà wálé mọ́. Èrò irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó wá kọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ohun tójú àwọn tó ń sọ ọ́ ti rí, kó lè lọ sọ ọ́ nílé tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ míì ni èmi lọ, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ torí mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan nípa rẹ̀ tí màá kàn níwájú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni jọra.

Olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tábìlì kékeré láàrin àwọn méjèèjì, wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn ẹlòmíì tí ènìyàn máa sá pamọ́ sí. Tí kíláàsì bá parí, ilé tí wọ́n fi èèyàn sí ló ń lọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Faransé ní yunifásítì ní Nàìjíríà ti mọ irú nǹkan yìí. Ìdí tí wọ́n fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé Abúlé Faransé ní Àjàrà, ní Badagry, nìyẹn. Iwájú tábìlì kọ́ ni èdè ti ń wọni lára. Ibi tí ènìyàn bá ti ń wá iyọ̀ tí kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ló ti ń wọni lára.

Ìyá tó gbà mí sílé ń jí ní aago márùn-ún. Ó ti fi ẹfun se àgbàdo mọ́jú kí eèpo rẹ̀ lè bó, á wá gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọ̀ ní ìkángun òpópónà. Ọjọ́ kẹta ni mo ní kó jẹ́ kí n bá òun gbé ike náà. Àwọn obìnrin tò, oníkálukú pẹ̀lú ike rẹ̀, ìborùn wọn bò wọ́n dé etí, ẹ̀rọ ń pariwo, omi funfun ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bí mo bá di ojú mi, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ògì ní Bódìjà ni mo wà. Nígbà tá a délé tó wé ìyẹ̀fun tútù náà sínú ewé àgbàdo tó sè é, mo ní ẹ̀kọ rèé. Wọ́n ń pè é ní tamalito. Atol tó fi tẹ̀lé e, ògì ni, àfi pé ó ki ju tiwa lọ, ó sì dùn. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù Sípáníìsì kúrò lára mi.

Ohun míì tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ní "ẹ" àti "o" bíi tiwa. Usted ni "ẹ", vos ni "o". Fóònù mi fi "tú" kọ́ mi, ẹni tó sì ń lò ó ní ilé yẹn kò sí. Ìyá yìí ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní usted, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ á pe ọmọ rẹ̀ kékeré ní usted, bí ìyá àgbà ṣe máa ń fi "ẹ" kẹ́ ọmọ-ọmọ. Tẹ́nìkan bá sì jẹun tán, kò ní dìde bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ ní "muchas gracias" fún gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì, kì í ṣe ẹni tó se oúnjẹ nìkan, gbogbo wọn á sì dáhùn pé "buen provecho". Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa nílé Yorùbá kò ní nílò àlàyé kankan lórí èyí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ bá a níbẹ̀ fúnra wọn. Wọn ò lè rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbọ́ tí ìyá tó gbà mí sílé ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lédè tí kì í ṣe Sípáníìsì. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán mo bi í bóyá K'iche' ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní wọn ò gbọ́ ọ. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, olùkọ́ máa ń na ẹni tó bá sọ ọ́ nínú kíláàsì, òun sì ti pinnu pé ọmọ òun kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fèsì. Mo rántí pátákó tí wọ́n máa ń so mọ́ wa lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ torí pé a sọ Yorùbá. Sípáníìsì tí mo wá fowó kọ́ nílé yìí ló lé èdè ìyá rẹ̀ sá lọ sórí fóònù. Láti 2003 ni òfin Guatemala ti fún àwọn èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà ní ipò, èdè Maya nìkan sì jẹ́ 22, ṣùgbọ́n òfin kì í yára dé inú ilé ìdáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ síbi kan: mélòó nínú ogún ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ rán yìí ló lè ka lẹ́tà tí mò ń kọ yìí?

Mo mọ̀ pé nínú yín, ẹnìkan á ní èdè ni ká kọ́ àwọn ọmọ, kí la fẹ́ fi ìtàn ẹ̀jẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ogun abẹ́lé Guatemala bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kò sì parí títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá 1996. Ìgbìmọ̀ tó wádìí òtítọ́ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àjọ UN jábọ̀ ní 1999 pé ó lé ní 200,000 ènìyàn tí wọ́n pa tàbí tí wọ́n gbé lọ tí wọn ò padà. Nínú ọgọ́rùn-ún òkú tí wọ́n dá mọ̀ dáadáa, 83 jẹ́ Maya. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwà ìkà tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìjọba àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló hu 93. Gbòǹgbò rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Ní 1952, Ààrẹ Jacobo Árbenz ṣe òfin kí wọ́n gba ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ńlá kò fi dáko, kí wọ́n pín in fún àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ United Fruit ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ní 1954, CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ṣètò bí wọ́n ṣe yọ Árbenz, wọ́n sì gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1999, Ààrẹ Clinton dúró ní Guatemala, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Amẹ́ríkà ṣàṣìṣe bó ṣe ti àwọn tó ń fìyà jẹ ará ìlú lẹ́yìn. Ọmọ wa tó fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe aláìmọ̀ èyí.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ìjọ ló ń rán wọn, ọ̀rọ̀ ìjọ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fò. Bíṣọ́ọ̀bù Juan Gerardi ti Ìjọ Kátólíìkì darí iṣẹ́ kan tí wọ́n fi lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń gba ẹ̀rí àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó gbé ìwé náà síta lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin 1998. Lọ́jọ́ 26, wọ́n fọ́ ọ lórí pa ní gáréèjì ilé rẹ̀. Ọ̀gágun Efraín Ríos Montt tó gbàjọba ní 1982 ńkọ́? Ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni, ó máa ń wàásù fún ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n jó abúlé àwọn Ixil, ẹ̀yà Maya kan, níná. Ní oṣù Karùn-ún 2013, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìparun ẹ̀yà lórí ikú 1,771 ènìyàn Ixil, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n 80 ọdún. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ náà fagi lé ìdájọ́. Ó kú ní 2018. Ohun tí olùkọ́ mi kò lè gbàgbé nípa ẹjọ́ náà ni pé àwọn obìnrin Ixil fi èdè Ixil jẹ́rìí, ògbufọ̀ dúró tì wọ́n, àwọn adájọ́ sì ní láti dúró gbọ́ wọn. Mo ronú kan obìnrin wọ́ọ̀dù wa. Tí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ gbé Bíbélì dání lọ sí àárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ti gbé e dání níwájú wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ilé ẹ̀kọ́ kó wa lọ sí abúlé àwọn olókòwò kọfí nísàlẹ̀ òkè, lápá Colomba. Mo ní olókòwò, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọgbà ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọgbà ẹlòmíì ni wọ́n bí wọn sí, tí bàbá wọn sì kú sí. Bàbá àgbà kan so agbọ̀n mọ́ mi níwájú, ó ní kí n máa já èyí tó pọ́n nìkan. Mo já a fún wákàtí mẹ́ta, mi ò tíì bo ìdajì agbọ̀n, ìka mi ti dúdú, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bàbá náà sọ fún mi pé orí ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kọfí ni wọ́n ti ń ṣírò owó iṣẹ́. Ó ní nígbà táwọn béèrè owó ọ̀yà tí wọ́n jẹ àwọn, onílé ọgbà lé àwọn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́, ó ń tún un sọ níbi tí mo bá ti ṣẹ́jú. Mo lóye gbogbo rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìtàn odindi lédè Sípáníìsì láìbi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní sí ilé ẹ̀kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ báyìí. Wọ́n ń kọ́ wa nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan kí n máa bọ̀, mo bi ìyá tó gbà mí sílé pé èló ni wọ́n ń fún un nínú owó tí mò ń san. Ó sọ iye rẹ̀ fún mi, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, omi gbígbóná, ìfọṣọ, àti sùúrù tó fi ń tún gírámà mi ṣe lẹ́nu àárọ̀: iye yẹn kò tó o rárá. Kò sì sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti ń bi àwọn ìyá wọ̀nyí léèrè. Ilé ẹ̀kọ́ míì wà tó jẹ́ ti àwọn olùkọ́ fúnra wọn, tí wọ́n jọ ń pinnu owó. Irú wọn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ìdílé kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti aṣọ, mo bẹ yín. Gbogbo ọjà Guatemala ló kún fún aṣọ òkìrìkà láti Amẹ́ríkà, paca ni wọ́n ń pè é, ó sì pọ̀ bí ti Katangowa. Mo wà ní Xela nígbà tí ẹgbẹ́ kan dé láti òkè òkun, tí wọ́n pín bàtà nílé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé tí mo wà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà gbé bàtà tirẹ̀ wálé, kò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ìyá rẹ̀ gbé e sórí àpótí, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ló sọ fún mi pé ọmọ òun ní bàtà, pé òun ló rà á fún un.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe nìyí. Kí ìrìn-àjò náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí ọjọ́ mẹ́wàá kò kọjá ìkíni. Kí àwọn tó ń lọ dín sí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí oníkálukú wọn wà nílé tirẹ̀. Tí wọ́n bá fi méjì sílé kan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á máa sọ mọ́jú. Mo ti ṣírò rẹ̀: owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó bọ́ọ̀sì ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ kéde fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilé ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé fún oṣù kan. Kí wọ́n fi oṣù méjì ka ìtàn ilẹ̀ náà kí wọ́n tó lọ. Kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ níbi tí kì í bá ṣe tiwọn láti ya fọ́tò. Ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ààbò, mo ní àwọn ìbéèrè tó yẹ ká bi ilé ẹ̀kọ́. Òjò pẹ̀lú máa ń rọ̀ lọ́sàn-án lóṣù Keje, kí wọ́n mú kóòtù dání. Nígbà tí wọ́n bá sì dé, kí ọdún kan tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn aládùúgbò wa níbí: kí wọ́n máa tẹ̀lé ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìpàdé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè, "Èdè wo lẹ̀ ń sọ nílé?"

Obìnrin kan láti Totonicapán, tó ń gbé ní òpópónà kejì sí ìjọ wa, ti gbà láti wá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìkíni K'iche' fún Sátidé mẹ́rin. Ó ti kọ́ mi ní "saqarik", ẹ káàárọ̀, àti "maltyox", ẹ ṣeun. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ sanwó fún òun, kì í ṣe ẹ̀bùn, owó iṣẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé òun sórí Facebook. Mo ti sọ fún un pé màá bi yín. Màá wà ní ìpàdé yín lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, bẹ́ ẹ bá gbà mí láàyè, màá sì gbé iye tó béèrè dání.

Èmi ni ọmọ yín, nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn akọrin.